Bí ẹ ṣe lè borí ẹ̀rù àtisọ èrò yín lórí iṣẹ́ òǹkọ̀wé mìíràn

Ọ̀rẹ́ mi kan fi ìtàn tó kọ ránṣẹ́ sí mi, ogójì ojú ìwé. Ó ní, "Jọ̀ọ́, bá mi kà á, kí o sì sọ òótọ́ fún mi." Mo kà á lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára, àmọ́ nígbà tí mo dé àárín, mo rí i pé mo ti ka ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ọkàn mi ti lọ síbòmíì. Mo mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Mo mọ ojú ìwé rẹ̀. Síbẹ̀, odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń kọ èsì tí mo sì ń pa á rẹ́. Nígbà tí mo máa wá fi ránṣẹ́, ohun tí mo kọ kò ju èyí lọ: "Ó dùn gan-an. O káre." Òun náà dáhùn: "O ṣé." Àwa méjèèjì la mọ̀ pé mi ò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀rù ló bà mí. Láti ìgbà yẹn, mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn ka iṣẹ́ wọn. Ẹ̀rù náà ṣì máa ń yọjú, ṣùgbọ́n kì í dè mí lọ́wọ́ mọ́. Ọ̀nà tí mo ń gbà ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí, ní ẹsẹẹsẹ, fún ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí tí kò sì mọ ohun tó máa kọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ dárúkọ ẹ̀rù náà

Ohun tí à ń pè ní ẹ̀rù níbí kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ mú bébà, kí ẹ parí gbólóhùn yìí: "Tí mo bá sọ ohun tí mo rí, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé…" Ẹ kọ gbogbo ohun tó bá wá sí yín lọ́kàn, kódà kó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ohun tó sábà máa ń jáde kò ju mẹ́rin lọ. Ta ni mo jẹ́ tí mo fi máa la ẹnu? Mo máa dun ún. Tí mo bá ṣì í sọ, wọ́n máa mọ̀ pé òye mi kò tó. Àárín wa máa dàrú.

Oògùn kan náà kọ́ ló ń wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀rù pé àárín yín máa dàrú, àdéhùn tí ẹ bá ṣe kí ẹ tó kàwé ló ń wò ó. Ẹ̀rù pé ẹ máa dun òǹkọ̀wé, bí ẹ bá ṣe to ọ̀rọ̀ ló ń wò ó. Ní ti pé ẹ lè ṣì í sọ, ẹ gbọ́ èyí: tí mo bá sọ pé oorun kùn mí ní ojú ìwé kejìlá, kò sí ọ̀mọ̀wé tó lè sọ pé oorun kò kùn mí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òǹkàwé kò ṣeé já ní irọ́. A máa dé orí gbogbo ìwọ̀nyí. Èyí àkọ́kọ́, "ta ni mo jẹ́," ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí òun ló ń pa ọ̀pọ̀ lẹ́nu mọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹni tó ti tẹ ìwé jáde, tàbí tó kẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ gboyè, nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ẹlòmíì. Ṣé àwọn yẹn nìkan ni òǹkọ̀wé náà ń kọ̀wé fún ni? Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni. Ẹni tó kọ ìtàn náà mọ orúkọ ìyá ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, ó mọ ìdí tí ilẹ̀kùn fi wà ní títì, ó mọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe máa parí. Tó bá ń ka iṣẹ́ ara rẹ̀, ohun tó wà lórí rẹ̀ ló ń kà, kì í ṣe ohun tó wà lórí bébà. Ẹ̀yin kò ní nǹkan kan ju ohun tó wà lórí bébà. Àìmọ̀ yín yẹn gan-an ni òǹkọ̀wé nílò, kò sì lè fún ara rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo fẹ́ràn. Nígbà tí T. S. Eliot ń kọ The Waste Land, ewì tó jáde ní 1922, akéwì ẹgbẹ́ rẹ̀ Ezra Pound ló gé púpọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ìtàn yẹn lókìkí. Ohun tí a kì í gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ ni pé Vivienne, ìyàwó Eliot, náà mú nǹkan ìkọ̀wé. Nígbà tí wọ́n tẹ àwọn ìwé àfọwọ́kọ ewì náà jáde ní 1971, ọwọ́ rẹ̀ hàn gbangba létí ìwé. Níbi kan, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré ló kọ, láti fi hàn pé ibẹ̀ wú u lórí gidigidi. Níbòmíì, ó dá ìlà kan lábàá, ìbéèrè kan nípa ìgbéyàwó àti ọmọ bíbí, ìlà náà sì wà nínú ewì yẹn títí dòní. Vivienne kì í ṣe gbajúmọ̀ akéwì. Ó kàn ní etí tó ń gbọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, ó sì sọ ohun tó gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ bọ́ aṣọ adájọ́ sílẹ̀

Ẹ bi ara yín pé iṣẹ́ wo lẹ rò pé wọ́n gbé fún yín. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ìdájọ́ ni: ṣé ìtàn yìí dára, àbí kò dára? Tó bá jẹ́ ìdájọ́ ni, ó yẹ kí ẹ̀rù bani lóòótọ́, torí adájọ́ gbọ́dọ̀ mọ gbogbo òfin, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì lè sọ ẹlòmíì di aláìlẹ́jọ́ tàbí ẹlẹ́bi. Ẹlẹ́rìí kò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi í pé kí lo rí, ó ní: ibí ni mo dúró sí, èyí ni mo rí, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ariwo kan, mi ò mọ ibi tó ti wá.

Peter Elbow, olùkọ́ ìwé kíkọ ní Amẹ́ríkà, ti la ọ̀nà yìí sílẹ̀ láti 1973. Ohun tó fi kọ́ni ni pé àwọn òǹkọ̀wé lè pàdé láìsí olùkọ́ kankan láàárín wọn, kí olúkúlùkù òǹkàwé kàn ròyìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́kàn rẹ̀ bó ṣe ń kà á lọ. Ìròyìn ni iṣẹ́ yín. Dípò "ìbẹ̀rẹ̀ yìí kò dára," ẹ sọ pé: "Mo ka ìpínrọ̀ méjì kí n tó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀." Gbólóhùn àkọ́kọ́ nílò ìgboyà, torí ìdájọ́ ni. Ìkejì kò nílò ju pé kí ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì wúlò fún òǹkọ̀wé ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ béèrè kí ẹ tó kà

Ẹ má ṣe gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni láìbi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Níbo ni iṣẹ́ náà dé, ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ọ̀nà ni àbí ó fẹ́ẹ̀ parí? Kí ló ń kọ ẹ́ lóminú nínú rẹ̀? Ìgbà wo lo fẹ́ gbọ́ èrò mi? Ẹ lè kọ ọ́ báyìí sí ọ̀rẹ́ yín:

"Mo ti rí ìtàn rẹ gbà, o ṣé tó o fọkàn tán mi. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, sọ fún mi ibi tó dé àti ohun tó ń dààmú rẹ jù nínú rẹ̀. Màá kà á gẹ́gẹ́ bí òǹkàwé, màá sì sọ ibi tó dì mí mú àti ibi tí mo ti sọnù. Mo máa dá ọ lóhùn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí."

Ẹ wo ohun tí lẹ́tà kékeré yẹn ṣe. Ó ti jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín mọ̀ ṣáájú pé àwọn ibi kan máa wà tí ẹ ti sọnù, nítorí náà kò ní bá a lójijì. Ó tún fún yín ní ààlà. Tó bá dáhùn pé ìparí ló ń kọ òun lóminú, ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa wò jù, ẹ̀rù pé ẹ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí gbogbo nǹkan sì ti fò lọ. Tó bá ní "sọ ohunkóhun tó o bá rí," ẹ yan nǹkan kan fúnra yín, kí ẹ sì sọ fún un: "Màá fojú sí bí Ìyá Àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ìtàn náà."

Nígbà míì, ìdáhùn máa jẹ́ "mo kàn fẹ́ kó o kà á ni." Ẹ tẹ́tí sí èyí dáadáa. Ó lè jẹ́ pé ìṣírí lẹni náà ń wá lónìí, kó lè tẹ̀ síwájú. Ẹ kà á, ẹ sọ ohun tó dùn mọ́ yín nínú rẹ̀ ní pàtó, kí ẹ fi mọ síbẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ohun tó béèrè lẹ fún un.

Tí ẹ kò bá sì ráyè, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Dídákẹ́ fún oṣù méjì ń dun òǹkọ̀wé ju kí ẹ sọ pé ẹ kò ní lè kà á.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì

Ìkíní, ẹ kà á tán láìmú kálámù dání. Ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa ń jókòó ka ìwé tí ẹ fi owó yín rà.

Ìkejì, ẹ mú kálámù, kí ẹ máa sàmì létí ìwé bí ẹ ṣe ń lọ, láìkọ ọ̀rọ̀ kankan. Àmì mẹ́rin tó: ìlà gbọọrọ níbi tó bá dì yín mú, àmì ìbéèrè níbi tí kò bá yé yín, òdo níbi tí ọkàn yín ti kúrò, àti ìràwọ̀ níbi tí ara yín ti dáhùn, bóyá ẹ rẹ́rìn-ín, bóyá àyà yín já. Ẹ má dúró ro ìdí. Tí ẹ bá dúró ro ìdí, adájọ́ yẹn á padà wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín pé ṣé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti sàmì síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí, ẹ má gba ogójì ojú ìwé bí mo ṣe gbà á. Ẹ bẹ òǹkọ̀wé kó fún yín ní méjì tàbí mẹ́ta péré.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ sọ àmì di gbólóhùn

Ibí ni iṣẹ́ wà. Gbólóhùn ẹlẹ́rìí ní apá mẹ́ta: ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín, àti ohun tí ẹ rò pé ó fà á. Ẹ jẹ́ ká fi ìpínrọ̀ kan dán an wò. Mo kọ ọ́ fún iṣẹ́ yìí ni:

"Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí Bísí dé ẹnu ọ̀nà. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi. Ìbànújẹ́ náà pọ̀ débi pé kò mọ ohun tó máa ṣe. Ó rántí gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti bàbá rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá, ìjà, ẹ̀gàn, àti ìrètí tó já sí asán. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti dì í mú títí ó fi gbóná. Ó kan ilẹ̀kùn."

Ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa kọ pé: "Ó dára o. Bóyá kó o kàn tún un wò díẹ̀." Òǹkọ̀wé kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Ẹlòmíì máa kọ pé: "Àsọtúnsọ pọ̀ jù. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan hàn kó o yé ròyìn ẹ̀dùn ọkàn." Ẹ lè rò pé ẹ̀rù kò ba onítọ̀hún. Èrò tèmi ni pé ẹ̀rù náà ló ń ṣiṣẹ́. Ó ń bẹ̀rù pé wọn kò ní kà á sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ló ṣe mú ohùn ọ̀gá. Èmi náà ti sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì ń dùn mí títí di òní, torí ẹni tí mo sọ ọ́ sí kò fi iṣẹ́ kankan hàn mí mọ́.

Ẹ wá wo bí ẹlẹ́rìí ṣe máa sọ ọ́:

"Nígbà tí mo dé ibi kọ́kọ́rọ́ tó gbóná, mo dúró. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó kan ilẹ̀kùn bí àlejò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kò ka ilé yìí sí ilé rẹ̀ mọ́, ó sì dùn mí. Kí n tó dé ibẹ̀, gbólóhùn méjì ti sọ fún mi pé inú rẹ̀ bàjẹ́, àmọ́ mi ò tíì rí nǹkan kan, torí náà mo kàn ń kọjá lọ ni. Ibi 'gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀' ni ọkàn mi ti kúrò. Mo gbọ́ pé ìjà wà, mi ò rí ìjà kankan. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé o fẹ́ ká mọ ọ̀rọ̀ ìjà náà níbí, àbí ó di iwájú?"

Ẹ padà kà á. Kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tó sọ pé ẹni náà kò mọ̀wé kọ. Kò sí ibi tí mo ti ní kó yọ nǹkan kan kúrò. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tó bá gbọ́ pé kọ́kọ́rọ́ yẹn ti sọ gbogbo ìbànújẹ́ náà tán máa rí i fúnra rẹ̀ pé gbólóhùn méjì tó kàn sọ pé inú Bísí bàjẹ́ ti di àléébù. Ẹ tún wo bí ìyìn ibẹ̀ ṣe rí. Kì í ṣe pé mo ń bù ú lóyin. Ó ń fi ohun tó lágbára jù nínú ìpínrọ̀ náà han òǹkọ̀wé, kó lè fi wọn ìyókù.

Tí ẹ kò bá mọ ohun tó fà á, ẹ fi apá kẹta sílẹ̀. "Ọkàn mi kúrò níbí, mi ò mọ ìdí" jẹ́ èsì tó pé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fún èmi fúnra mi ní irú èsì bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sì rí ìdí náà kí n tó ka ojú ìwé yẹn tán.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ yan mẹ́ta

Ẹ lè ní àmì ogún létí ìwé. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tó bá gba ogún ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó máa gbé. Ẹ yan ọ̀kan tó kan ohun tó ń kọ òǹkọ̀wé lóminú, ọ̀kan níbi tí ẹ ti fẹ́ẹ̀ pa ìwé dé, àti ọ̀kan níbi tí iṣẹ́ náà ti mí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó mí.

Àṣìṣe àmì ohùn, àkọtọ́ àti àmì ìdánudúró kò wọ inú mẹ́ta yìí, àyàfi tí iṣẹ́ náà bá ti fẹ́ lọ sọ́dọ̀ olóòtú. Kí ló dé tí ẹ máa tún gbólóhùn kan ṣe nínú ìpínrọ̀ tí òǹkọ̀wé lè yọ kúrò lọ́la?

Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń kọ́ni pé kí a fi ìyìn méjì bo àléébù kan mọ́lẹ̀, ìyìn lókè, ìyìn nísàlẹ̀. Mi ò gba ọ̀nà yẹn. Kì í pẹ́ tí òǹkọ̀wé fi máa mọ̀ pé ìbòjú nìkan ni wọ́n fi ìyìn ṣe, lẹ́yìn náà kò ní gba ìyìn yín gbọ́ mọ́, kódà nígbà tí ẹ bá yìn ín tọkàntọkàn.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ fi kálámù sílẹ̀ fún ẹni tó ni í

Ẹ̀rù pé ẹ lè ba iṣẹ́ ẹlòmíì jẹ́ kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Raymond Carver, òǹkọ̀wé ìtàn kúkúrú ní Amẹ́ríkà, ní olóòtú kan, Gordon Lish, tó gé àwọn ìtàn rẹ̀ débi pé àwọn kan nínú wọn kò ku ìdajì mọ́. Ní oṣù keje ọdún 1980, Carver kọ lẹ́tà sí i, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dá títẹ ìwé tó kó àwọn ìtàn náà jọ dúró. Ìwé náà jáde ní 1981 pẹ̀lú gígé yẹn. Òkìkí Carver kàn, àmọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, aya rẹ̀ rí i dájú pé àwọn ìtàn náà jáde bó ṣe kọ wọ́n gan-an. Ọdún 2009 ni wọ́n jáde. Títí dòní ni àwọn òǹkàwé ṣì ń jiyàn lórí èyí tó dára jù.

Ohun tí mo mú nínú ìtàn yẹn ni pé mi ò kí ń tún gbólóhùn ẹlòmíì kọ, àfi tó bá ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ọwọ́ bá ń yún mi láti kọ "ṣe é báyìí," mo máa ń yí i padà sí ìbéèrè: "Kí lo fẹ́ ká mọ̀ nípa bàbá náà níbí?" Ẹ gbìyànjú rẹ̀. Ẹ máa rí i pé ìbéèrè kò wúwo lẹ́nu bí àṣẹ, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rù yín sì máa bá àṣẹ lọ.

Ẹ má sì gbàgbé pé "má ṣe fọwọ́ kàn án" náà jẹ́ èsì. Nígbà tí Pound ti gé apá kẹrin ewì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan títí ó fi ku ìlà mẹ́wàá, tó dá lórí Phlebas, atukọ̀ tó kú sómi, ọkàn Eliot bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì, ó ní bóyá kí òun kúkú yọ Phlebas náà. Pound ní rárá, ó gbọ́dọ̀ dúró síbi tó wà. Ó ṣì wà níbẹ̀. Òǹkọ̀wé tó ti rẹ̀ lè máa wá ibi tó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ láti gé. Ẹ̀yin lẹ lè dá a dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó. Ẹ kọ èsì yín lálẹ́, kí ẹ kà á sókè láàárọ̀ ọjọ́ kejì bí ẹni pé ẹ̀yin ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ibi tí ẹ bá ti rí "o" tàbí "ẹ" tó ń bá èèyàn wí, bí "o kò ṣàlàyé," ẹ yí i sí iṣẹ́ náà tàbí sí ara yín: "mi ò rí àlàyé." Ibi tí ẹ bá ti rí "gbogbo ìgbà" tàbí "rárá," ẹ wá ojú ìwé kan pàtó tẹ́ ẹ lè tọ́ka sí. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ yọ ọ́.

Ẹ tún yọ ẹ̀bẹ̀ kúrò. "Mi ò mọ nǹkan kan o, má dá mi lóhùn" jọ ìrẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kó wàhálà bá ẹni tó ń kà á: ó wá di ọ̀ranyàn fún un láti tù yín nínú kó tó lè lo ọ̀rọ̀ yín. "Bí ó ṣe rí sí mi nìyí" ti tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ tí ẹ ṣèlérí.

Àwọn ibi tó le

Tí òǹkọ̀wé bá jù yín lọ lọ́jọ́ orí tàbí lókìkí, ẹ lo ohùn ọ̀wọ̀ tí ẹ máa ń lò fún wọn, kí ẹ má sì dín òótọ́ kù. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ní ojú ìwé kẹta, mo rò pé àbúrò ló ń sọ̀rọ̀, àfìgbà tí mo dé ìsàlẹ̀" kò rí ẹnikẹ́ni fín. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí sábà máa ń ṣàìní ẹni tó máa sọ irú ẹ̀ fún wọn.

Tó bá jẹ́ ojúkojú, láàárín ẹgbẹ́, tí ohùn yín sì ń gbọ̀n, ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yín sílẹ̀ kí ẹ kà á jáde látorí bébà. Ètò tí àwọn òǹkọ̀wé tó ń pàdé ní Milford, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, sọ di mímọ̀ láti 1956 ṣì ń ran àwọn onítìjú lọ́wọ́: olúkúlùkù sọ̀rọ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni já lu ọ̀rọ̀ ẹnìkejì, òǹkọ̀wé dákẹ́ títí gbogbo wọn á fi sọ tán, kó tó wá fèsì. Ẹ kò ní láti jà fún àyè. Tí ẹ bá fẹ́ ọ̀nà tó rọ̀ ju ìyẹn lọ, Liz Lerman, ẹni tó ń ṣètò ijó orí ìtàgé ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀kan kalẹ̀ ní 1990. Àwọn òǹwòran á kọ́kọ́ sọ ohun tó ní ìtumọ̀ sí wọn, oníṣẹ́ á béèrè ìbéèrè tirẹ̀, àwọn náà á béèrè tiwọn, láìfi èrò pa mọ́ sínú ìbéèrè, nígbẹ̀yìn, ẹni tó bá ní èrò á tọrọ àyè: "Mo ní èrò kan lórí ìparí rẹ̀, ṣé o fẹ́ gbọ́ ọ?" Oníṣẹ́ lè sọ pé rárá. Àyè tí ẹ tọrọ yẹn máa ń tú ẹ̀rù ká lọ́nà àrà, torí ẹni tó bá ní "bẹ́ẹ̀ ni" ti ṣílẹ̀kùn fún yín.

Tí ìtàn náà bá jẹ́ ìbànújẹ́ tó ṣẹlẹ̀ sí òǹkọ̀wé gan-an, ẹ kọ́kọ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bá iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹ kà á bí ọ̀rẹ́ tàbí bí òǹkàwé. Ìdáhùn rẹ̀ làṣẹ.

Tí ẹ kò bá sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà láti òkè délẹ̀ ńkọ́? Ẹ wá ibi kan ṣoṣo tí gbólóhùn kan ti jí. Mi ò tíì ka iṣẹ́ tí kò ní ọ̀kan. Ẹ sọ ọ́, ẹ sọ ibi àkọ́kọ́ tí ẹ ti sọnù, kí ẹ dúró níbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni ẹ kì í kà rárá, ẹ jẹ́ kó mọ̀, kó lè mọ bó ṣe máa wọn ọ̀rọ̀ yín.

Tó bá bínú, ẹ má gbèjà ara yín, ẹ má sì kó ọ̀rọ̀ yín jẹ. "Mo gbọ́ ọ. Ìwọ lo ni iṣẹ́ rẹ, o lè fi èyí tí kò bá wúlò sílẹ̀." Ó parí. Àwọn kan máa ń padà wá lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan. Àwọn míì kì í padà wá.

Ní ti ọ̀rẹ́ mi, mo padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo kọ ọ́ sí i pé "ó dùn gan-an" tí mo sọ nígbà yẹn, apá kan òótọ́ ni, pé inú ìtàn náà ni mo wà pátápátá títí ọmọbìnrin yẹn fi wọkọ̀, àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn mo ka ibì kan lẹ́ẹ̀mẹta láìmọ ohun tí mo ń kà. Ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mo fi ránṣẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí èsì fi dé. Ó ní, "Ojú ìwé wo?"